Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyá Àgbà Rà Tí Kò Gùn

Nígbà tí dókítà ní Àkúrẹ́ ní kí a máa gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sílé, kò sọ fún wa pé yóò kú. Ohun tí ó sọ ni pé kí a máa fún un ní ohunkóhun tí ó bá wù ú. Èmi tí mo ka ìwé girama parí mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yẹn, òun náà tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí sì mọ̀ ọ́n. Nínú takisí tí ó ń gbé wa bọ̀ wá sí Ìdànrè, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tí ó ti wú, ó wojú mi, ó ní, "Ohunkóhun tó bá wù mí. O gbọ́ o. Má sọ lọ́la pé o ò gbọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo rò pé ẹran ìgbẹ́ ni yóò bèèrè.

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi, òun ló sì ta kòkó rẹ̀ tí ó fi rán mi níwèé. Aládé, ní ẹ̀bá Ìdànrè, ni ó ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kò sì bí ọmọ kankan. Bí a ṣe dé Aládé lọ́jọ́ náà, ó ní kí awakọ̀ dúró kí a kó ẹrù rẹ̀, nítorí ilé mi ni ó ń bọ̀ wá gbé. Mo kó sùtánà funfun tí ó fi ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, mo kó Bíbélì tí ẹlòmíràn máa ń kà fún un, mo kó aṣọ díẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀ kan tí kò lè fi sílẹ̀. Ó ní ó ku ẹyọ kan. Ó ní kí n lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí, kí n gbójú sókè.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo rí níbẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ olóògbé máa ń gùn. Wọ́n fi okùn so ó rọ̀ mọ́ igi àjà, eruku kòkó sì ti bò ó. Awakọ̀ ráhùn kí ó tó dè é mọ́ orí takisí. Èmi rò pé ó fẹ́ kí a tà á ni.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe kò ní yé ènìyàn. Télọ̀ ni mí. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àkúrẹ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin, èéyi ló pa á nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Apá mi ni ó wà nígbà tí ó kú, nínú ọkọ̀, kí a tó dé ilé ìwòsàn. Èyí èkejì ni ọmọbìnrin mi, tí ó ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́.

Láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti lọ ni n kò ti mọ ìjókòó mọ́. Omi tí ọmọbìnrin mi yóò mu, n óò sè é, n óò tún fi aṣọ sẹ́ ẹ. Bí ó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, n óò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi yà lẹ́bàá àpáta, bí ó bá sì ti yà tán, n óò sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ibi tí mo ti lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ àdúgbò gun àpáta tí wọ́n ti máa ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ń ránṣọ, etí mi kan wà lára ẹ̀rọ, etí kejì wà níta. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní Ìyá Ẹ-Rọra. Wọn kì í dúró kí n kọjá kí wọ́n tó sọ ọ́. Ojú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà ti wà lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ó sọ ohun tí ó wù ú. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná nínú fàráńdà, ọmọ mi sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ìyá Àgbà ti ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti ro ohun tó wù mí."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo fẹ́ gùn ún kí n tó lọ."

Mo rò pé òògùn ilé ìwòsàn ló ń dà á láàmú. Mo ní, "Ẹ fẹ́ gùn ún lọ síbo, mà?"

"Ta ló béèrè ibi tí mò ń lọ? Ibi tí mò ń lọ, wọn kì í gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ gùn ún."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì. Ìyá Àgbà sì sọ ìtàn náà fún wa. Èdè Ìdànrè gan-an ni ó fi sọ ọ́. Mò ń kọ ọ́ bí gbogbo Yorùbá yóò ti lè kà á.

Ó ní, "Orí òkè ni wọ́n bí mi sí, kí gbogbo ìlú tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yí gbirigbiri kò lè dé orí òkè yẹn. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ènìyàn gan-an ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé òkè. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan tó ń ra kòkó wá kí àwọn àna rẹ̀. Ó ru nǹkan kan. Irin ni, ó ní òrùka ńlá méjì, ó ń dán. Ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n má baà jí i, ló bá rù ú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òógùn bò ó. Gbogbo àwa ọmọdé tẹ̀ lé e. A ní kí ni èyí? Ó ní kẹ̀kẹ́ ni. A ní kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò dá wa lóhùn."

"Kí lẹ wá ṣe?" ni ọmọ mi béèrè.

"A rò pé orí ni wọ́n ń gbé e sí. A rò pé ẹrù ọlá ni. Ẹni tó bá lówó, á ra kẹ̀kẹ́, á rù ú kiri kí ayé rí i. A bá lọ já ìtàkùn, a ká a róbótó méjì, a fi igi so wọ́n pọ̀, a gbé e lérí. A ń ṣeré kẹ̀kẹ́ káàkiri òkè. Tèmi tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Ọrùn ń dùn mí, mi ò sọ̀ ọ́."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín débi pé ìrẹsì dà nù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ wá, mo ń ti odò bọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin yẹn kan náà ló ré mi kọjá. Orí kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí. Aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí ìyẹ́. Kò wo ilẹ̀. Mo gbé omi mi kalẹ̀, mo sunkún. Wọ́n ní ta ló nà mí. Mi ò lè sọ ọ́. Ohun tó yẹ kó máa gbé wa ni a fi ọrùn gbé kiri."

Ó ní láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun yóò gùn ún. Ní ọdún kan tí kòkó gbówó lórí, ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ó ti di ìyàwó ilé nígbà náà, wọn kì í sì í rí obìnrin lórí kẹ̀kẹ́ ní Aládé. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń gùn ún lọ sóko, òun ń ru agbọ̀n tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wo táyà tí ó fi owó rẹ̀ rà tí ó ń yí lọ níwájú rẹ̀.

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ, gbọ́ èyí. Ohun tó o bá fi owó ara rẹ rà, kọ́kọ́ lò ó kó o tó fi ṣe ìfẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ká ní mo ní n óò gùn ún, ó lè má bá mi jà. Mi ò sọ ọ́ ni."

"Ìyá Àgbà, bí ẹ bá gùn ún tán, ṣé èmi náà máa gùn ún?"

"Ìwọ lo máa tì mí."

Mo ní, "Kò sí ẹni tí yóò gùn ún." Mo kó ife, mo kó ìrẹsì, mo wọlé lọ.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn ìdì aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo tì í pa. Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé iwájú rẹ̀, yóò ṣí abọ́, yóò yẹ inú rẹ̀ wò, yóò ní, "Kẹ̀kẹ́ dà?" Mo se ẹran ìgbẹ́. "Kẹ̀kẹ́ dà?" Mo ra búrẹ́dì gbígbóná. "Mo rò pé dókítà ní ohunkóhun ni. Àbí Òyìnbó tó o kà níwèé kò dára tó láti gbọ́ ọ?" Ọkọ mi dé ní ọjọ́ Ẹtì, mo rò pé yóò gbè mí lẹ́yìn. Ó gbọ́ ìtàn orí òkè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Ọjọ́ Àìkú ni ó padà sí Àkúrẹ́, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ le, tí ṣéènì rẹ̀ mu epo, àti ènìyàn méjì tí ń wò mí.

Mo bẹ Ìyá Àgbà. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọkàn mi: pé ilẹ̀ ìlú wa kò tẹ́jú, pé ohun tí kì í ṣe àpáta jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pé ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó kòkó kì í fẹ́ tẹ bíréèkì, pé ikùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbá nǹkan kan. Mo ní, "Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ẹ lè kú sí i."

"Ṣé kì í ṣe ikú náà ni mo ń lọ bá tẹ́lẹ̀?"

"Bí ọmọ yìí bá ṣubú ńkọ́? Òun ni ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù fún mi."

Ó ní, "Èyí tó lọ, ṣé ó ṣubú ni?"

Kò sí ẹni tí ó ń dárúkọ ọmọ náà nínú ilé wa.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ló wà. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí ọ. O dì í mú bí kò ti yẹ kí ènìyàn lè di nǹkan mú. Kò sí ìyá tó lè di ọmọ mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì lọ. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló dẹ̀, ọmọ mi. Ó ti yẹ kí wọ́n sọ ìyẹn fún ọ láti ọjọ́ yìí."

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Aṣọ kò sí lábẹ́ abẹ́rẹ́, òwú kò sí lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni. Nígbà tí mo jáde, téèpù wà lọ́rùn mi.

Mo ní, "Ẹ kò lè fi ìró gùn ún. Ṣéènì yóò fà á wọlé. Ẹ dìde, kí n wọ̀n yín fún ṣòkòtò."

"Ṣòkòtò," ni ó wí, ó rọra ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. "Ó dáa náà."

Láti ìgbà tí mo ti mọ ẹ̀rọ lò ni mo ti ń ránṣọ fún un, mo mọ ara rẹ̀ ju ara tèmi lọ. N kò nílò láti wo ìwé kankan kí n tó mọ ibi tí téèpù yẹ kí ó dé. Mo fi yí itan rẹ̀ ká, ẹnu téèpù kọjá ara wọn, ó ṣì ń kọjá. Mo rò pé mo ti gbé e síbi tí kò yẹ, mo tún un ṣe. Bákan náà ni. Mo gòkè lọ sí ikùn rẹ̀, téèpù sì ń sá fún ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí, ó ń lọ síwájú. Ẹni kan náà ni mo ń wọ̀n, ara rẹ̀ ń kúrò níbì kan, ó ń kó jọ síbòmíràn.

"Kí ló dé tí o ń wọn ibì kan náà léraléra? Ṣé o ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ ni?"

"Rọ́bà ni n óò fi sí ìbàdí rẹ̀, kó lè máa fà."

"Fi èyí tó máa fà dáadáa sí i."

Bí mo ti ń rán ṣòkòtò náà lọ́wọ́ ni Ìyá Ìjọ láti ìjọ wọn ní Aládé wá gbàdúrà fún un. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí i lórí ẹ̀rọ, aṣọ aláwọ̀ búlúù tí ó nípọn.

"Ti bàbá ni?" ni ó bi mí.

Kí n tó lè wá irọ́ kan tí ó dára pa, Ìyá Àgbà ti dá a lóhùn láti inú fàráńdà. "Tèmi ni, Ìyá Ìjọ. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi gùn."

Ìyá Ìjọ jókòó sílẹ̀ lójijì. "Obìnrin inú ìjọ, nínú ṣòkòtò? Ní irú àkókò yìí tó yẹ kí ẹ máa múra dè é?"

"Mò ń múra. Kí lẹ rò pé mò ń ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ rò pé Olúwa ò tíì rí itan mi rí ni?"

"Ẹ̀yin Màmá yìí."

"Bí ó bá bá mi wí, n óò ní ẹ kìlọ̀ fún mi. Ẹ gbàdúrà. Kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ kún un."

Ìyá Ìjọ gbàdúrà. Mo di ojú, ṣùgbọ́n mo ń tẹ́tí. Ó bẹ̀ fún ìwòsàn, ó bẹ̀ fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Olúwa fi áńgẹ́lì rẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì ohunkóhun tí ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ bá máa gùn. Bí ó ti ń lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀ wò.

Ní ìlú wa, ibi tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń mú tẹ́jú ni ibi tí wọn yóò ti sá kòkó, kí wọ́n tó ro ti pálọ̀ ara wọn. Oníkòkó kan ní pèpéle sìmẹ́ńtì ńlá lẹ́yìn ilé wa. Àkókò kòkó ti kọjá, pèpéle náà ṣófo. Mo lọ tọrọ rẹ̀, mo gbá a, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín yíká kí n lè mọ ibi tí ó ti là. Mo to àpò tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ kún sí etí rẹ̀ gbogbo. Ọmọ mi ní, "Màámi, ṣé ọkọ̀ òfuurufú ló fẹ́ balẹ̀ ni?" Mo ní kí ó panu mọ́.

A gbé Ìyá Àgbà jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ ẹ̀yìn àpáta. Ó wọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo fi apá ọ̀tún gbá a mú, mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ọmọ mi wà ní òdìkejì. Kò wúwo mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá pẹ́dà yí, kò fi agbára kankan sí i. A dé ìparí pèpéle, a yí padà, a tún lọ. Mò ń wo táyà, mò ń wo ilẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi kí táyà má baà gùn ún, n kò ráyè wo ojú rẹ̀.

"Ó dùn, mà?" ni mo béèrè.

"Ẹ gbé mi sọ̀."

A gbé e sọ̀. Ó jókòó sórí àpò ewé kan, ó ń mí kíákíá. Mo ní, "Ẹ ti gùn ún, mà. Ẹ kú oríire."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Mo gun ọwọ́ rẹ. Mi ò gun kẹ̀kẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní, ohùn rẹ̀ kò le, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Bí o bá fi mí sílẹ̀, n óò ṣubú lóòótọ́. Ó ti pẹ́ jù fún èmi. Jẹ́ kí n rí i lára ọmọ yìí. Kí n rí obìnrin ilé wa kan tí kò sí ẹni tó dì í mú. Ìyẹn náà tó mi."

Báyìí ni ó ṣe di pé ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, n óò tẹ́ ẹní sétí pèpéle, n óò gbé Ìyá Àgbà sí i, n óò fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, n óò sì máa sáré tẹ̀ lé ọmọ mi pẹ̀lú ọwọ́ mi lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ọmọ náà tètè mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ènìyàn máa ń mọ̀ bí aṣọ bá ti dúró fúnra rẹ̀ tí kò nílò pínnì mọ́. N kò yọ ọwọ́ mi. Bí ó bá ní, "Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀," n óò ní, "Lọ́la."

Ìyá Àgbà ń wò wá. Bí ọmọ bá wá sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa kọ́ ọ ní ohun tí ó bá bọ́ sí i lọ́kàn, kò sí ètò nínú rẹ̀. "Bí o bá ń ká kòkó, má gé e mọ́ ara igi. Ojú ibi tí ọ̀kan ti jáde ni òmíràn máa ń gbà jáde. Ẹni tó ń bínú ló máa ń gé e wọ igi." Tàbí: "Bí ọkùnrin bá ní ọbẹ̀ rẹ dùn ju ti ìyá òun lọ, irọ́ ni, ṣùgbọ́n bu ẹran kún tirẹ̀." Tàbí yóò kàn ní kí ó na ẹsẹ̀, yóò sì máa fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tí kò ní àpá kankan, nítorí n kò jẹ́ kí ó ní ọ̀kan rí. "Ẹsẹ̀ ọmọ ọba," ni yóò wí, kò sì dún bí ìyìn.

Ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó dé ìrọ̀lẹ́ kan tí kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí mọ́. Mo ní kí a má jáde. Ó mi orí. Mo gbé e jáde, ọmọ mi gbé kẹ̀kẹ́. A ti yí pèpéle ká lẹ́ẹ̀kan, mo ń sáré, mo ń mí, ọwọ́ mi wà níbi tí ó máa ń wà, nígbà tí mo gbọ́ tí ó pè mí.

Orúkọ tí ó sọ mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́ ni ó pè. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ohùn náà kéré, ó sì dún bí ẹni tí nǹkan ṣe. Mo sáré lọ bá a. N kò rò ó wò. Ènìyàn méjì kò lè wà ní ọwọ́ kan.

Mo kúnlẹ̀. "Kí ló dé, mà? Ṣé omi ni? Ṣé ibi tó ń dùn yín ni?"

Ó nawọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Jókòó."

Nígbà náà ni mo rántí. Mo yíjú padà. Ọmọ mi ti dé ìdajì pèpéle, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Òun gan-an kò tíì mọ̀. Mo rí i tí ó bojú wẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ yí padà, tí kẹ̀kẹ́ náà mì sọ́tùn-ún, mì sósì. Gbogbo ara mi dìde. Ìyá Àgbà kò tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìka márùn-ún ni, ó gbẹ, agbára rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. Bí mo bá fà á díẹ̀, yóò já. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ọmọ mi, n kò fà á. Mo jókòó.

Ó yí ìparí pèpéle. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wá, ó ń tẹ pẹ́dà, bùbá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, ó ré wa kọjá ní ibi tí ó súnmọ́ débi pé atẹ́gùn rẹ̀ kàn wá. Kò wò wá. Ní orígun kejì ni táyà iwájú gbá àpò ewé, òun àti kẹ̀kẹ́ bá ara wọn nílẹ̀. Mo gbọ́ ìró irin lórí sìmẹ́ńtì. Mo fẹ́ dìde.

"Dúró," ni Ìyá Àgbà wí.

Ọmọ mi dìde jókòó. Ó gbé orúnkún rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, mo rí i láti ibi tí mo wà. Ó fi itọ́ nù ún. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, ó tọ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti wọ́, ó fò gùn ún.

"Ṣé ó ti tún gùn ún?" Ìyá Àgbà ti di ojú rẹ̀.

"Ó ti gùn ún, mà."

"Ta ló dì í mú?"

"Kò sí ẹni tó dì í mú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi.